Tòkúnbọ̀

Ohun tàbí ènìyàn tí ó ti òkun bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń pè. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni kí ó tó di orúkọ ọjà. Ibi tí nǹkan ti wá ló ń sọ. Kò sọ bí ara rẹ̀ ṣe le tó. Ìyàtọ̀ yìí kan àwọn agbégilódò tí ń ru gẹdú láti igbó Ọmọ wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, àti ọkọ̀ tí ń la ẹrẹ̀ lọ sí Abígi ní Ògùn Waterside. Axle ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń gba ẹrù sára, òun náà ló ń yí taya. Ìta tòkúnbọ̀ rẹ̀ lè mọ́ tónítóní, kí eyín jíà inú ti jẹ.

Àwọn kan á ní tòkúnbọ̀ sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Mo gbà: irin ojúlówó kì í tètè tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọ irin ni èyí yìn, kò jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí irin ti ṣe. Ọ̀rọ̀ náà, àlòkù, ló sọ ìyẹn: ohun tí a lò tí ó kù. Èyí tó kù gan-an ni oníbàárà ń rà, a kò sì lè mọ̀ ọ́n láì tú u. Bí wọ́n bá ní owó títú pọ̀, owó náà kò tó ti gẹdú tó dà sí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, ká má tíì sọ ti ẹ̀mí. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú axle náà, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó pààrọ̀ ohun tó ti jẹ, kí ẹ tó gbé igi lé e.