Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Dá sílẹ̀

Bí aláìsàn bá kúrò ní Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Ìsọlọ̀, àwọn ará ilé á ní, “Wọ́n ti dá màmá sílẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí kan náà là ń lò fún ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó bá ọsibítù mu, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ènìyàn dúró.

Ṣùgbọ́n aláìsàn tí nọ́ọ̀sì ń wá tọ́jú nínú yàrá rẹ̀ ní Òṣòdì ńkọ́? Kò kúrò níbì kankan. Àbẹ̀wò nọ́ọ̀sì ló dópin: bóyá ojú ọgbẹ́ ti jinná, bóyá ọmọ rẹ̀ ti mọ abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà gún fún un, tàbí kẹ̀, àìsàn náà ti ju agbára ilé lọ, ó di ti ọsibítù. “Wọ́n ti parí ìtọ́jú ilé” ló tọ́ níbí, nítorí “dá sílẹ̀” lè mú kí ẹbí rò pé ara ti yá tán.

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 23, ní kí wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé e, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gba aláìsàn ni kí ẹ ti sọ ohun tí yóò fòpin sí àbẹ̀wò yín, àti ẹni tí ẹbí yóò pè lẹ́yìn náà.