Etí Adágún Paranoá: Ta Ló Ni Ibi Ìgbafẹ́ Brasília?

Lónìí, a ó ré kọjá òkun lọ sí Brasília, olú-ìlú Bràsíl. Bí wọ́n bá dárúkọ ìlú yìí, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé aṣòfin tó dà bí ẹni pé wọ́n gbé abọ́ ńlá méjì lé e lórí, ọ̀kan dojú bolẹ̀, èkejì lanu sókè. Ìtàn ilé yẹn kọ́ ni mo gbé wá. Ìtàn ibi tí àwọn ará ìlú ti ń gba afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ni: etí omi, abẹ́ igi, àti ojú títì. Ìlú tí wọ́n ti yà sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé inú rẹ̀, ibi ìgbafẹ́ rẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ àwọn tí wọ́n yà á fún.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Salvador ni olú-ìlú Bràsíl láti ọdún 1549 títí di 1763, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Rio de Janeiro. Etí òkun ni méjèèjì wà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé ó yẹ kí ìjọba wọ àárín ilẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin orílẹ̀-èdè ní 1891, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun lórí òkè pẹrẹsẹ tó wà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà. Ní 1892, wọ́n rán ikọ̀ kan lọ wo ilẹ̀ náà, Louis Cruls ni olórí wọn. Auguste Glaziou, onímọ̀ nípa ewéko tó bá wọn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá sé odò Paranoá níbi tó ti há, adágún ńlá ni yóò di. Ẹ wo nǹkan! Ó ku ọgọ́ta ọdún ó lé kí ìlú tó wà, ẹnì kan ti fojú inú rí omi tí àwọn ará ìlú náà yóò máa wẹ̀.

Juscelino Kubitschek ló sọ ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́ nígbà tó di ààrẹ ní 1956. Ní 1957, àwọn ayàwòrán ìlú figa gbága, Lúcio Costa ló gbégbá orókè. Oscar Niemeyer ló ya àwòrán àwọn ilé ìjọba. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1960, wọ́n ṣí ìlú náà. Àwa ọmọ Nàìjíríà tí a rí i bí ìjọba ṣe kó kúrò ní Èkó lọ sí Abuja ní 1991 mọ bí irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni èyí. Nínú ìwé tí Costa kọ tẹ̀ lé àwòrán rẹ̀, ó sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má ṣe kọ́ àdúgbò ilé gbígbé sí etí adágún. Ó ní kí etí omi wà bí Ọlọ́run ṣe dá a, pẹ̀lú igi àti pápá, kí gbogbo ará ìlú lè máa rìn gbẹ̀fẹ́ níbẹ̀. Ilé oúnjẹ, ẹgbẹ́ eré ìdárayá, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi ìpẹja nìkan ló gbà láyè kó dé bèbè omi. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣèlérí etí omi fún aráyé. Ó wà lákọsílẹ̀.

Àmọ́ kí adágún náà tó kún, ó ti gbé ilé àwọn kan mì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ Brasília, tí wọ́n ń pè ní candango, ti apá àríwá ìlà-oòrùn àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn wá, òṣì ló lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílé. Àwọn kan kọ́ ilé pákó sí àfonífojì tí omi yóò bò, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Vila Amaury. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959, wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsédò náà pa, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí àwọn ìlú tuntun bíi Sobradinho àti Taguatinga, tó jìnnà sí àárín olú-ìlú. Títí dòní, àwọn tó ń wọ abẹ́ omi lọ ṣì ń rí àwókù Vila Amaury nísàlẹ̀. Àwa a máa sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Adágún Paranoá kò gbàgbé tirẹ̀, abẹ́ ara rẹ̀ ló fi í pamọ́ sí.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ìlérí Costa? Àwọn olówó àti àwọn ènìyàn ńlá kọ́ ilé sí Lago Sul àti Lago Norte, ní òdìkejì omi. Bó ṣe ń pẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn na ọgbà wọn kọjá ààlà ilẹ̀ wọn, títí ó fi kan omi. Wọ́n gbẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀, wọ́n kan èbúté fún ọkọ̀ ojú omi wọn, wọ́n sì fi wáyà àti ògiri dí ọ̀nà. Omi fúnra rẹ̀ náà rí ìṣòro: ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn wọ inú rẹ̀, nígbà tó sì di 1978, ohun aláwọ̀ ewé bo ojú rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba ìlú kan. Ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ẹ̀gbin, ní àwọn ọdún 1990, ni ó tó di pé èèyàn tún lè fọkàn balẹ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ará ìlú kò rí ibòmíràn lọ. Ní 1978 yẹn kan náà, wọ́n ṣí Parque da Cidade, ọgbà ìgbafẹ́ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 420 hẹ́kítà, ó tóbi ju Central Park ti New York lọ. Roberto Burle Marx ló ṣètò igi àti òdòdó rẹ̀. Ibòmíràn ni Água Mineral, nínú ọgbà igbó ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961. Inú kòtò tí wọ́n ti wa iyanrìn ni omi ìsun rẹ̀ ti di odò ìlúwẹ̀ẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Eixão. Títì márosẹ̀ ńlá tó la ìlú já láti apá kan dé èkejì ni, wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ sísáré. Láti 1991, wọ́n ń ti títì náà mọ́ ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọdé á gun kẹ̀kẹ́, àwọn àgbà á máa rìn, àwọn olórin á dúró sí abẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó wó ohunkóhun, kò sẹ́ni tó kọ́ ohunkóhun. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀, wọ́n sì fi fún ẹsẹ̀.

Ti adágún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí etí omi sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé katakata lọ sí Lago Sul, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọgbà tó wà láàárín 30 mítà sí omi. Àwọn onílé kan fárígá, wọ́n ní àwọn ló ń tọ́jú ibẹ̀, pé olè yóò gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ẹ̀rù olè kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó bá gé koríko ilẹ̀ ìjọba náà ló ni ín.

Ibì kan wà létí adágún yìí tó kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láàárín ọgbà àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá, lẹ́bàá afárá, gbàgede kan wà tí wọ́n ń pè ní Praça dos Orixás, ìyẹn gbàgede àwọn òrìṣà. Ère 16 ló wà níbẹ̀, Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Ọya àti àwọn yòókù, iṣẹ́ ọwọ́ Tatti Moreno, ọmọ Bahia. Òun náà ló ṣe àwọn ère òrìṣà tó dúró lójú omi Dique do Tororó ní Salvador. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, àwọn èèyàn á wọ aṣọ funfun wá síbẹ̀, ìlù á máa dún, wọ́n á sì ju òdòdó sínú omi fún Yemọja. Ní etíkun Bràsíl, Yemọja ti di ìyá òkun. Ní ilẹ̀ wa, odò Ògùn ni tirẹ̀. Ní Brasília tí kò lókun, omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n tún ti ń kí i, bí a ti ń kí i nílé.

Inú kan kò dùn sí i. Wọ́n ti ba àwọn ère náà jẹ́ léraléra. Ní 2016, wọ́n dáná sun Oxalá, òun ni Òrìṣàńlá wa. Ní 2021, ó kan Ògún. Síbẹ̀ àwọn èèyàn kò yé wá. Odi àwọn olówó àti iná àwọn tó kórìíra òrìṣà, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ń sọ: pé àwọn kan ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé àwòrán Costa dára, òfin sì dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dá nìkan ṣọ́ etí omi fún ọdún mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ọ̀nà tí a kò bá rìn, igbó ni yóò di. Ní ìlú ńlá, ọgbà ẹnì kan ni yóò di. Nítorí náà, bí ibi ìgbafẹ́ kan bá wà nítòsí yín tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹ dìde, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí.