Orúnkún Ìyá Àgbà àti Ìtàn Ìrora Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ní oko wa lápá Lálúpọn, bí ẹ bá bèèrè àlàáfíà ìyá àgbà, wọ́n á ní, "Orúnkún ń dùn mí, oúnjẹ kò wù mí jẹ, inú mi kò sì dùn." Mo máa ń rò pé àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà. Ìtàn àwọn dókítà ilẹ̀ wa ló jẹ́ kí n rí i pé ó lè máà rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1953, Dókítà J. C. Carothers, tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú. Lójú tèmi, etí ni kò fi sílẹ̀ dáadáa. Aláìsàn tó ń sọ nípa ikùn àti orúnkún lè máa sọ nípa ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣebí inú kan náà ni oúnjẹ ń wọ̀, inú náà ló ń dùn, tó sì ń bàjẹ́?

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti Aró ní Abẹ́òkúta kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ní 1961, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n ń bi àwọn ará oko léèrè nípa ara àti ọkàn wọn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún náà ni Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìbàdàn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti ṣiṣẹ́. Ní 1998, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé kan jáde. Ìlú Ìbàdàn wà lára ibùdó 15 tí wọ́n ti ṣe é, ní orílẹ̀-èdè 14, àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò sì lé ní 5,000. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bíi 22 ló ti ní ìrora fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn pọ̀ láàárín wọn ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti àwọn tí kò ní irú ìrora bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ikùn ńkọ́? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lè máà fẹ́ jẹun. Oògùn tún wà ńbẹ̀. Ní 1971, John Vane, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí aspirin ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń dá èròjà kan tí ara ń pèsè dúró. Èròjà yìí ló ń mú kí ìrora pọ̀, àmọ́ òun náà ló ń dáàbò bo ògiri ikùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbé aspirin tàbí ibuprofen mì lójoojúmọ́ fi lè ní ọgbẹ́ inú. Hóró oògùn oríṣiríṣi tí wọ́n ń pò sínú ọ̀rá kan ní ọjà wa ńkọ́? Ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀!

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀lé ìyá àgbà lọ sí ibi ìtọ́jú kan. Wọ́n tẹ orúnkún wọn wò, wọ́n fún wọn lóògùn, ó parí. Ibi tí a ti ń dúró de ọ̀kadà ni mo ti bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí oorun sùn. Wọ́n ní aago méjì òru làwọn máa ń jí, táwọn á máa wo òrùlé títí ilẹ̀ á fi mọ́.