Àwọn Irinṣẹ́ Alágbèéká tí A Fi Ń Wọn Líle àti Ọ̀rinrin Ilẹ̀

Irinṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti àwọn tó ń ṣe títì fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó, àti iye omi inú rẹ̀, lójú oko gan-an. Ìwọ̀n méjèèjì kì í fira wọn sílẹ̀: ilẹ̀ tí ọkọ́ ń ta padà lórí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gba ọkọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn òjò kan.

Pẹnẹtirómítà ni wọ́n mọ̀ jù fún líle ilẹ̀. Ọ̀pá irin ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń tì wọlẹ̀ rí ṣóńṣó, géèjì sì wà lókè. Àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà lò ó ní Vicksburg, ní Mississippi, láàárín àwọn ọdún 1940, láti mọ ẹrẹ̀ tó lè gba ọkọ̀ ogun. Bí géèjì bá ti ka nǹkan bíi 2 MPa (ìwọ̀n agbára ìtẹ̀), agbára káká ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ irúgbìn á fi wọlẹ̀. Ti àwọn oníṣẹ́ títì yàtọ̀: òòlù kílò 8 ni wọ́n ń jẹ́ kó já láti òkè mílímítà 575, wọ́n á wá ka bí ọ̀pá ṣe ń rì sí.

Ní ti omi, irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Speedy ló dùn ún wò jù. Kábáàdì, èyí tí àwọn ọdẹ fi ń tan iná orí nígbà kan rí, ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á wọn erùpẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dà á sínú ìgò irin pẹ̀lú ìyẹ̀fun kábáàdì àti bọ́ọ̀lù irin méjì tí yóò fọ́ ògúlùtu, wọ́n á dé e pa, wọ́n á mì í dáadáa. Bí omi bá ti kan kábáàdì, gáàsì á yọ, á sì ti abẹ́rẹ́ géèjì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ èsì ti jáde, nígbà tí ààrò yàrá ìwádìí ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko ní 105°C. Kí wọ́n má ṣáà ṣí i nítòsí iná.

Àwọn irinṣẹ́ mìíràn ń fi iná mànàmáná wọn omi inú ilẹ̀. Tensiometer ní tirẹ̀ ń fi hàn bí ilẹ̀ ṣe di omi mú tó.

Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal, tó wà níbẹ̀ láti 1970 sí 1987, ṣèwádìí bí katapílà tí wọ́n fi ń pa igbó ṣe ń ki ilẹ̀ pọ̀. Láti mọ irú kíkì bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi oko méjì wéra gbọ́dọ̀ wọn líle àti omi pọ̀, ó sì sàn kó jẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òjò ńlá. Níbi tí òkúta wẹẹrẹ bá pọ̀ sí, abẹ́rẹ́ pẹnẹtirómítà á kàn fò sókè lójijì: ìyẹn kì í ṣe líle ilẹ̀, kí wọ́n sún ọ̀pá síwájú díẹ̀, kí wọ́n tún un tì.