Àmì Ohùn Tí Ó Sọnù Lára Adéwálé: Níbo Ni Eré Assassin's Creed Ń Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní géèmù. Kì í ṣe ohun tí a sábà máa ń gbé yẹ̀ wò níbi tí a bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìtàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú ọ̀kan nínú àwọn eré wọ̀nyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adéwálé. Báyìí ni àwọn tí wọ́n ṣe eré náà ṣe kọ ọ́: Adéwalé. Wọ́n fi àmì sórí e méjèèjì bí ẹni tí ń kọ èdè Faransé, wọ́n sì fi a sílẹ̀ lófìfo. Àmì kan ṣoṣo ni ó sọnù, ṣùgbọ́n orí "wá" ni ó ti sọnù, ọ̀rọ̀ tí ó so adé mọ́ ilé nínú orúkọ náà. Èmi kò bá wọn jà nítorí àmì. Mélòó nínú wa ni ó ń fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀? Ohun tí ó mú mi ronú ni pé bí wọ́n ti kọ orúkọ náà gan-an ni wọ́n ṣe kọ ìtàn ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Wọn kò sọ ibi tí ó ti wá.

Assassin's Creed ni orúkọ ọ̀wọ́ eré tí mo ń wí. Ubisoft ni ó ni ín, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé tí àwọn ọmọ ìyá márùn-ún láti ìdílé Guillemot dá sílẹ̀ ní 1986. Ní 2007 ni èyí àkọ́kọ́ jáde. Ìpìlẹ̀ eré náà kò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye: ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Animus, ẹni tí ó bá sì wọ inú rẹ̀ yóò máa rí ìgbésí ayé àwọn baba ńlá rẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e, nítorí pé ìrántí wọn kò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wa lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1191, sí Ítálì, sí Amẹ́ríkà nígbà ogun òmìnira, sí Paris, London, Íjíbítì àtijọ́, Gíríìsì, Baghdad àti Japan. Ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì ni ó ń bá ara wọn jà níbi gbogbo, àwọn tí ń fi ọ̀bẹ pamọ́ sí ọrùn ọwọ́ àti àwọn Templar tí wọ́n fẹ́ fi agbára tún ayé tò.

Ní 2013, nígbà tí Black Flag jáde, ìtàn náà bọ́ sórí òkun Caribbean láàrin àwọn olè ojú omi. Edward Kenway ni ọ̀gá ọkọ̀, Adéwálé sì ni igbákejì rẹ̀, ẹrú àná tí ó sá kúrò lóko. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ṣe eré kékeré kan fún Adéwálé nìkan, Freedom Cry. Ọkọ̀ rẹ̀ rì ní 1735, ó sì gúnlẹ̀ sí Saint-Domingue, ilẹ̀ tí ó di Háítì lẹ́yìn náà, níbi tí àwọn Faransé ti ń fi ẹrú gbin ìrèké.

Kí n tó sọ àléébù rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ohun tí ó dára. Code Noir, òfin ẹrú tí ọba Faransé fi lélẹ̀ ní 1685, hàn nínú eré náà bí ohun tí ń darí ayé ojoojúmọ́, kì í ṣe bí orúkọ inú ìwé lásán. Pierre de Fayet tí ó jẹ́ ọ̀tá Adéwálé ti ṣe gómìnà ibẹ̀ lóòótọ́ ní àwọn ọdún náà. Ibì kan sì wà tí èmi kò lè gbàgbé: ọkọ̀ ẹrú kan ń rì, àwọn ènìyàn wà nínú ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀, Adéwálé sì ń sá káàkiri láti tú wọn sílẹ̀ bí omi ṣe ń kún. Bí ọwọ́ ẹni tí ń ṣeré náà ti wù kí ó yá tó, kò lè gba gbogbo wọn là. Ọ̀pọ̀ eré a máa fún akọni ní agbára láti ṣe ohun gbogbo. Níhìn-ín, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ibi yòókù, iye ẹrú tí o bá tú sílẹ̀ ni wọ́n fi ń fún ọ ní ohun ìjà tuntun. Bí iye ènìyàn bá ti pé, àdá tí ó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yóò dé. Ènìyàn tí a gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á bí owó, a tún kà á bí owó fún ara wa. Èmi kò rò pé ìkà ni àwọn tí wọ́n ṣe é; ìṣirò ni géèmù mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọsẹ̀.

Ìtàn pàápàá ní ihò. Ìlú tí Adéwálé ń rìn nínú rẹ̀ ní 1735 ni Port-au-Prince, bẹ́ẹ̀ ní 1749 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀. Wọ́n ní oko kan ní Trinidad ni wọ́n ti bí i, ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọwọ́ Spain ni Trinidad wà nígbà náà, oko ńlá kò pọ̀ níbẹ̀ rárá, ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Yorùbá ibẹ̀ tó dé. Ìwọ̀nyí kéré lójú mi. Ohun tí ó dùn mí ni pé ní Saint-Domingue yìí gan-an ni àwọn ènìyàn wa wà tí wọ́n ní orúkọ, Nàgó, tí Nago sì wà títí dòní gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè òrìṣà nínú Vodou ilẹ̀ Háítì, tí Ogou sì wà láàrin wọn, ẹni tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní dá a mọ̀. Ẹ tún wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Láti 1726 sí 1730, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dàhọ̀mì léraléra, títí Agaja ọba wọn fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Agaja yìí kan náà ni ó gba Allada ní 1724, tí ó sì gba Ouidah, èbúté ẹrú ńlá, ní 1727. Inú ogun báyìí ni ènìyàn ti ń di ẹrú. Ọmọ Nàgó kan tí ń jẹ́ Adéwálé, tí ó sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù náà ní 1735, ì bá ní gbogbo èyí láti rántí, ẹ̀rọ ìrántí sì ni gbogbo eré náà dúró lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nínú ìtàn tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà, Adéwálé bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Babátúndé. Èmi kò mọ orúkọ tí ó bá Animus mu jù èyí lọ. A kì í sì í sọ ọmọ ní Babátúndé nígbà tí baba àgbà rẹ̀ bá wà láàyè, nítorí náà orúkọ yẹn nìkan ti sọ fún wa pé baba Adéwálé ti kú kí ọmọ náà tó dé. Ọmọ Babátúndé wá ń jẹ́ Eseosa, orúkọ àwọn ará Ẹ̀dó. Ìtàn ìgbéyàwó wo ni ó mú Ẹ̀dó wọ ilé Nàgó ní Saint-Domingue? Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè yóò máa retí rẹ̀, ṣùgbọ́n eré náà kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà.

Níbo wá ni ọ̀wọ́ yìí ń lọ? Ní 2022, Ubisoft kéde ọ̀pọ̀ eré tí ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú wọn ni èyí tí wọ́n pè ní Hexe, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì fi ń pe àjẹ́. Ní oṣù kẹta 2025 ni Shadows jáde, tí ó lọ sí Japan ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀kan nínú àwọn akọni rẹ̀ méjì ni Yasuke, ọmọ Áfíríkà tí ó sin Oda Nobunaga lóòótọ́. Àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ kò kéré, àwọn kan sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irọ́ ni pé ọkùnrin náà gbé ilé ayé rí. Ní ọdún kan náà, Tencent ti ilẹ̀ Ṣáínà gba ìdá kan nínú mẹ́rin ilé-iṣẹ́ tuntun, Vantage Studios, tí Ubisoft kó Assassin's Creed sí lábẹ́, owó rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù kan euro lọ. Ní oṣù kẹwàá, ìròyìn tún jáde láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ pé ní 2024 ni wọ́n ti pa eré kan tì, èyí tí akọni rẹ̀ ì bá jẹ́ ẹrú àná ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí ì bá sì bá Ku Klux Klan jà. Wọ́n ní ẹ̀rù ariwo Yasuke àti ti òṣèlú Amẹ́ríkà wà nínú ohun tí ó fà á.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ kò dára. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń wá ìtàn ọmọ Áfíríkà tí ó ní àkọsílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní àròsọ, èmi yóò darí wọn sí Salvador, ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835.

Àwọn ará Bahia ń pe Mùsùlùmí ọmọ Áfíríkà ní malê, ọ̀rọ̀ wa ìmàle ni. Nàgó ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, àwọn Haúsá sì wà láàrin wọn. Ẹrú ni àwọn kan, àwọn mìíràn sì ti ra ara wọn padà. Nínú ilé kéékèèké ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní ìwé Lárúbáwá, wọ́n ń kọ ọ́ sínú tírà tí wọ́n so mọ́ra, wọ́n sì ń wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ ibẹ̀ pè ní abadá, agbádá wa. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ dìde, nígbà tí oṣù ààwẹ̀ ń lọ sópin, tí ọ̀pọ̀ òyìnbó yóò sì ti lọ sí ọdún ìjọ wọn ní Bonfim. Ọ̀rọ̀ náà tú ní àṣálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ladeira da Praça, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ tú jáde pẹ̀lú idà. Ẹ̀wọ̀n ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù, nítorí pé ibẹ̀ ni Pacífico Licutan wà, àgbà aláàfáà kan tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni: ọ̀gá rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè, wọ́n sì ti ẹrú rẹ̀ mọ́lé gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Wọn kò rí i tú sílẹ̀. Wọ́n jà káàkiri ìgboro títí wọ́n fi dé Água de Meninos, níbi tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ti ṣẹ́gun wọn. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni ó jà ní òru náà, àwọn tí ó kú sì lé ní 70. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n pa mẹ́rin. Igi ni wọ́n fẹ́ yẹ fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, ìbọn ni wọ́n fi pa wọ́n.

Kò sí ohun tí a ní láti fi kún èyí kí ó tó di eré. Ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ wà níbẹ̀, ìwé tí ọ̀pọ̀ olówó ẹrú kò lè kà wà níbẹ̀, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú náà sì wà títí dòní. Ohun tí mo bẹ̀rù ni àṣà wọn láti sọ gbogbo akọni ìtàn di ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tiwọn. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí Mackandal, ẹni tí àwọn Faransé dáná sun ní Saint-Domingue ní 1758. Bí wọ́n bá sọ pé ẹlòmíràn ni ó rán àwọn malê níṣẹ́, wọ́n ti ja wọ́n lólè.

Èdè náà yóò sì gbọ́dọ̀ dún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Ní 2012, nínú Assassin's Creed III, àwọn ará Mohawk sọ èdè Mohawk, wọ́n sì pe àwọn ọmọ èdè náà láti tọ́ wọn sọ́nà, bẹ́ẹ̀ èdè tí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ènìyàn ń sọ ni. Nínú Shadows, ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ kí àwọn ará Japan máa sọ èdè Japan, kí àwọn àlejò sì máa sọ Potogí. Potogí ti wà nílẹ̀, Yorùbá ni ó kù, pẹ̀lú ẹni tí yóò sọ fún wọn pé àmì wà lórí a.

Lẹ́yìn ìdájọ́, ìjọba Bahia kó ọ̀pọ̀ Nàgó tí wọ́n ti gba òmìnira sínú ọkọ̀, wọ́n sì dá wọn padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọkọ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ouidah, Porto-Novo àti Èkó, àwọn ọmọ wọn sì wà ní Pópó Àgùdà títí dòní pẹ̀lú orúkọ Potogí. Licutan kò sí lára wọn. Ẹgba 1,200 ni ilé ẹjọ́ dá fún un. Nígbà tí adájọ́ bi í ní orúkọ, Bilal ni ó dáhùn. Adájọ́ ní Licutan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọkùnrin náà gbà pé òótọ́ ni, ó sì ní òun lè jẹ́ orúkọ tí ó bá wu òun.