Pínpín Àyè Ìgbì Rédíò: Ètò Onípele Mẹ́ta ti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Rédíò onílàákàyè ni a lè pe ẹ̀rọ tí ó ń fetí sí àyíká rẹ̀, tí ó ń mọ ibi tí àyè ìgbì ṣófo, tí ó sì ń yí ìgbì tirẹ̀ padà láìjẹ́ pé ènìyàn fọwọ́ kàn án. Joseph Mitola àti Gerald Maguire gbé èrò yìí jáde nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1999. Ìjọba ti pín àyè ìgbì fún àwọn olóhun lórí ìwé, síbẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ dà bí ilẹ̀ olówó tí igbó bò.

Àpẹẹrẹ tí ó yéni jù lọ wà ní Amẹ́ríkà, láàárín 3550 MHz sí 3700 MHz, níbi tí rédà àwọn ọkọ̀ ojú omi ológun ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2015, àjọ FCC ṣí àyè náà sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Àwọn ológun àti àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni onílẹ̀; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí wọn lọ́wọ́. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ra ìwé àṣẹ ní gbàǹjo ọdún 2020, ìwé kọ̀ọ̀kan fún 10 MHz. Ìpele kẹta kò ra ìwé àṣẹ rárá, ṣùgbọ́n bí ìgbì ẹlòmíràn bá dà wọ́n láàmú, kò sí ẹni tí yóò gbèjà wọn.

Ta ni yóò wá mọ̀ pé ọkọ̀ ológun ti dé? Etí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn òkè tàbí nínú ilé onígànná nípọn lè má gbọ́ ohunkóhun, kí ó sì rò pé àyè ṣófo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìdájọ́ sí ọwọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní SAS. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fọhùn. Àwọn ẹ̀rọ atẹ́tí tí a rì mọ́ etí òkun ní ń ta SAS lólobó. Bí wọ́n bá ti gbúròó rédà, SAS ní ìṣẹ́jú àáyá 300 láti pa àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kàn lẹ́nu mọ́, tàbí kí ó kó wọn lọ sí ìgbì mìíràn.

Ibi tí ètò náà ti kọsẹ̀ díẹ̀ nìyí: ẹ̀rọ atẹ́tí kò lè gbọ́ràn láàárín ariwo. Wọ́n ní láti dín agbára àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí rẹ̀ kù, débi pé etí tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí pínpín lè ṣeé ṣe ń jẹ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ pín, ní etí òkun gan-an tí èrò pọ̀ sí.