Ilé Orí Òkè àti Ilé Etí Odò: Ìtàn Àdúgbò Àtijọ́ ní Lọ́kọ́ja

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti bá ọmọ wí ló bá ìlú wí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ìlú tí Lọ́kọ́ja jẹ́, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ilé ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Ohun tí iṣẹ́ yìí gùn lé ni láti fi hàn pé oríṣi ilé méjì ló sọ ìtàn ìlú náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kà sí ohun ìtàn.

Ibà àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ìlú

Kí àwọn òyìnbó tó dé ni àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ti ń gbé agbègbè òkè Patti. Ní ọdún 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wa ọkọ̀ gba odò Ọya gòkè. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá wọn lọ. Wọ́n bá Àtá Igala ṣe àdéhùn ilẹ̀, wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe kan nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ibà ló ba ètò náà jẹ́: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ló kú. Ní ọdún 1854, William Balfour Baikie fún àwọn èrò ọkọ̀ tirẹ̀ ní kuiníìnì, kò sì sí òyìnbó kan tó kú nínú wọn. Baikie yìí kan náà ló tẹ ibùdó Lọ́kọ́ja dó ní nǹkan bí ọdún 1860. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ni àwọn ẹrú tí wọ́n rà padà.

Ilé Orí Òkè

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, wọ́n fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, Frederick Lugard sì bẹ̀rẹ̀ àkóso Àríwá Nàìjíríà. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé rẹ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe é ní abala-abala, kí ọkọ̀ tó gbé e wá, kí wọ́n sì tó tò ó pọ̀. Irú ilé báyìí a máa dúró lórí òpó kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ a máa yí i ká kí oòrùn má baà pa ògiri. Ìbẹ̀rù ibà ló kọ́ ọ. Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí Ronald Ross fi hàn, ní ọdún 1897 sí 1898, pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, àwọn aláṣẹ òyìnbó sọ ìmọ̀ náà di àwíjàre láti ya àdúgbò wọn sọ́tọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ilẹ̀.

Ilé Etí Odò

Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò, ni àdúgbò Kábàwá wà. Ará Kebbi ni àwọn Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí náà ni ìjọba amúnisìn kó àwọn ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè wá. Aliyu, Ẹ́míà Kánò tí wọ́n yọ ní ọdún 1903, Lọ́kọ́ja ló kú sí ní ọdún 1926. Nínú irú agboolé alámọ̀ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń kọ́, ohun tó wà nítòsí ni wọ́n fi ń mọ ògiri. Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í dúró lásán: wọ́n ní láti máa tún un rẹ́. Bí olówó ilé bá kú, tí ọmọ sì tú ká, òjò ni yóò jogún rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, orúkọ Lugard ni ilé ìjọba ibẹ̀ ń jẹ́. Ilé aláṣẹ rí olùtọ́jú; ilé ẹni tí wọ́n rà padà kò rí. Ní ọdún 2012, omíyalé tún wọ àwọn àdúgbò etí odò. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ ilé àkójọ ohun ìtàn àti ohun ìrántí sílẹ̀ kò sọ pé pákó òyìnbó nìkan ló tọ́ sí ààbò. Iṣẹ́ kan sì wà tó kan onímọ̀ èdè gan-an: láti gba orúkọ abala ilé, irinṣẹ́ àti ìṣe ìkọ́lé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe àti Haúsá, kí ògiri tó kù tó wó. Ilé tó wó ṣeé tún kọ́ bí ẹnìkan bá ṣì mọ orúkọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ.